Fíìmù Íńdíà kan náà, òṣèré ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: bí 96 ṣe di 99

Ẹni tó bá ń wo fíìmù Íńdíà déédéé á ti bá irú rẹ̀ pàdé. Ẹ wo fíìmù kan tán, ó wọ̀ yín lára débi pé ẹ mọ ibi tí omijé ti máa bọ́. Kò pẹ́ sígbà náà, ẹ tún bá ìtàn ọ̀hún gan-an lórí ẹ̀rọ: ojú mìíràn, ìlú mìíràn, orin mìíràn, àmọ́ ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àríyànjiyàn á bẹ̀rẹ̀ nínú ilé. Ẹnì kan á ní wọ́n jí ìtàn onítàn gbé ni. Ẹlòmíràn á ní fíìmù àkọ́kọ́ yẹn náà ni, wọ́n kàn yí èdè rẹ̀ padà. Ẹnì kẹta á ní ìtàn ti tán lọ́wọ́ àwọn ará Íńdíà.

Kò sí èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Fíìmù kan ni mo fẹ́ fi tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni 99, èdè Kannada ni wọ́n fi ṣe é, ó sì jáde ní ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ọdún 2019. Fíìmù ìfẹ́ ni, Ganesh àti Bhavana ló ṣe olórí òṣèré níbẹ̀, Preetham Gubbi ló darí rẹ̀. Inú fíìmù Tamil kan tó ń jẹ́ 96 ni ìtàn rẹ̀ ti wá. 96 jáde ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 2018, kò sì tó oṣù méje sí i tí 99 fi dé. Bí ẹ bá mọ bí ọ̀kan ṣe di èkejì, ọ̀pọ̀ ohun tó rú yín lójú nípa fíìmù Íńdíà á yé yín.

Ṣé èdè kan ṣoṣo kọ́ ni wọ́n ń sọ ní Íńdíà?

Ibí ni ìdàrúdàpọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Bollywood ni orúkọ tó kọ́kọ́ dé etí wa, nítorí náà a máa ń pe gbogbo fíìmù tó bá ti Íńdíà wá ní Bollywood. Mumbai ni Bollywood wà, èdè Hindi sì ni wọ́n ń sọ nínú rẹ̀. Àmọ́ èdè 22 ni òfin ìpìlẹ̀ Íńdíà dárúkọ. Mẹ́rin tó lókìkí jù ní gúúsù, ìyẹn Tamil, Telugu, Kannada àti Malayalam, jọ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Wọn kò bá Hindi tan.

Ní ọdún 1956, ìjọba Íńdíà tún àwọn ìpínlẹ̀ rẹ̀ pín, èdè tí àwọn ará ibẹ̀ ń sọ ni wọ́n sì fi ṣe òṣùwọ̀n. Àwọn tó ń sọ Tamil wà ní Tamil Nadu, Chennai ni olú-ìlú wọn. Àwọn tó ń sọ Kannada wà ní ìpínlẹ̀ tí à ń pè ní Karnataka lónìí, Bengaluru ni olú-ìlú tiwọn. Wọ́n jọ pa ààlà, odò kan náà ni wọ́n jọ ń bu omi rẹ̀ sí oko. Síbẹ̀, ẹni tó gbọ́ Kannada nìkan kò lè jókòó ti fíìmù Tamil kó sì gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ.

Wọn kò sì pọ̀ dọ́gba. Nínú ìkànìyàn ọdún 2011, àwọn tí Hindi jẹ́ èdè abínibí wọn lé ní mílíọ̀nù 520, àwọn ti Tamil tó mílíọ̀nù 69, àwọn ti Kannada kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 44 lọ. Fíìmù Kannada àkọ́kọ́ tó ń sọ̀rọ̀ jáde ní 1934, nígbà tí Tamil ti ní tirẹ̀ láti 1931. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, Madras, ìyẹn Chennai òde òní, ni wọ́n ti ń ṣe púpọ̀ nínú àwọn fíìmù Kannada, torí ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ àti ẹ̀rọ wà. Ẹ fi èyí sọ́kàn. Òun ló bí ẹ̀rù tí a máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú.

Báwo ni fíìmù ṣe ń ti inú èdè kan bọ́ sínú òmíràn?

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Àkọ́kọ́ ni ìtumọ̀ tí wọ́n ń kọ sí ìsàlẹ̀ fíìmù, irú èyí tí a mọ̀ dáadáa nínú fíìmù Yorùbá. Kò sí ohun tó yí padà nínú fíìmù náà, ẹ̀yin lẹ̀ ń ka ohun tí wọ́n ń sọ.

Ìkejì ni dọ́bìǹgì. Wọ́n á yọ ohùn àwọn òṣèré kúrò, àwọn ẹlòmíràn á sì sọ ọ̀rọ̀ náà ní èdè tuntun. Ojú òṣèré ṣì wà níbẹ̀, ìlú àti ilé tí wọ́n ti yà á kò yí padà, àmọ́ ẹnu ń lọ sọ́tùn-ún, ohùn ń lọ sósì. Àwọn tó ń wo Zee World nílé mọ̀ ọ́n dáadáa: Hindi ni àwọn òṣèré wọ̀nyẹn sọ, Gẹ̀ẹ́sì ló ń dé etí wa.

Ìkẹta ni ríméèkì, àtúnyà ni mo sì máa pè é láti ibí lọ. Wọ́n ra ìtàn náà, wọ́n wá kó òṣèré tuntun jọ, adarí tuntun, olórin tuntun, ìlú tuntun, wọ́n sì ya fíìmù náà láti orí dé ẹsẹ̀.

Ẹ fi aṣọ wò ó. Ẹni tó ṣe dọ́bìǹgì ra aṣọ tí télọ̀ ti rán fún ẹlòmíràn, ó wá pààrọ̀ bọ́tìnnì rẹ̀. Ó lè bá a mu, ó sì lè fún un lápá. Sítáì ni ẹni tó ṣe àtúnyà rà ní tirẹ̀. Ó gbé e lọ bá télọ̀ tirẹ̀, wọ́n wọn ara rẹ̀, wọ́n sì rán an ní tuntun. Ẹni tó bá rí àwọn méjèèjì lóde ìnáwó á mọ̀ pé sítáì kan náà ni, àmọ́ aṣọ méjì ni.

Ṣé olè kọ́ nìyẹn?

Rárá. Íńdíà ní òfin tó dáàbò bo iṣẹ́ ọpọlọ, láti ọdún 1957 ni wọ́n ti ṣe é. Ẹni tó ni fíìmù ló ni àṣẹ láti jẹ́ kí ẹlòmíràn tún un yà. Àṣẹ yìí ṣeé pín sí èdè-èdè. Olóòtú kan lè ta ti Kannada fún ẹnì kan, kó ta ti Telugu fún òmíràn, kó sì fi ti Hindi pamọ́ títí owó tó tẹ́ ẹ lọ́rùn á fi dé.

Bó ṣe rí fún 96 nìyẹn. Ramu, olóòtú fíìmù Kannada tó kú ní ọdún 2021, ló náwó sí 99. Dil Raju, olóòtú fíìmù Telugu, gbé ìtàn kan náà lọ sí Telugu, fíìmù tirẹ̀ ń jẹ́ Jaanu, ó jáde ní oṣù Kejì ọdún 2020. C. Prem Kumar tó kọ 96 tó sì darí rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló tún darí ti Telugu náà. Ẹ rí i pé ìtàn kan di fíìmù mẹ́ta láàrin oṣù 17, gbogbo rẹ̀ sì wáyé ní ìmọ́lẹ̀.

Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kò jí ìtàn rí ní Íńdíà. Àmọ́ tí àdéhùn bá wà, tí owó sì ti kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ èkejì, kò yẹ ká pe olówó ní olè.

Dọ́bìǹgì rọrùn, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Kí ló dé tí wọ́n ń ya tuntun?

Ìbéèrè yìí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, àwọn tí kì í ṣe ará Karnataka kì í sì í mọ ìdáhùn rẹ̀. Fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún, wọn kò gbà kí ẹnikẹ́ni gbé fíìmù tí wọ́n fi ohùn Kannada bò jáde ní Karnataka.

Kì í ṣe ìjọba ló ṣòfin rẹ̀. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fíìmù ló fìmọ̀ ṣọ̀kan. Ní àwọn ọdún 1960, fíìmù Tamil, Telugu àti Hindi tí wọ́n fi ohùn Kannada bò ń wọlé, iṣẹ́ àwọn òṣèré Kannada sì ń dín kù. Ọjà wọn kéré, ẹ rántí, Madras ni wọ́n sì tún ti ń yá ilé iṣẹ́. Ẹ̀rù bà wọ́n pé tí fíìmù olówó ńlá láti ẹ̀gbẹ́ bá lè wọlé pẹ̀lú ohùn Kannada, kò ní sí ẹni tó máa náwó sí ti Kannada gan-an mọ́. Àwọn òǹkọ̀wé dìde, A. N. Krishna Rao wà lára wọn. Rajkumar, òṣèré tí àwọn ará Karnataka fẹ́ràn ju ẹnikẹ́ni lọ, dúró tì wọ́n. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Rajkumar yìí kan náà ló ṣáájú àwọn èèyàn nígbà tí wọ́n ń jà kí Kannada gba ipò àkọ́kọ́ nínú ilé ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ náà. Ọ̀rọ̀ èdè kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré níbẹ̀.

Nígbà tí dọ́bìǹgì ti di èèwọ̀, tí ìtàn dáadáa bá jáde ní Chennai tàbí Hyderabad, ìlú tí wọ́n ti ń ṣe fíìmù Telugu, ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù láti gbé e wá sínú èdè Kannada ni kí wọ́n tún un yà. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àtúnyà fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú fíìmù Kannada. Òṣèré Kannada ló ń gba owó iṣẹ́, ayàwòrán Kannada ló ń gbé kámẹ́rà, akọrin Kannada ló ń kọ orin. Ìtàn ló ti ìta wá, àmọ́ oúnjẹ ń dé ẹnu àwọn ọmọ ilé.

Èmi gbà pé ìbẹ̀rù wọn nídìí. Àmọ́ òǹwòran náà ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀, òun ni wọ́n gbàgbé. Nígbà náà, ọmọdé tó ń sọ Kannada kò lè gbọ́ eré àwòrán tàbí ètò ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì láti ilẹ̀ òkèèrè ní èdè ìyá rẹ̀. Ní ọdún 2012, òṣèré Hindi nì, Aamir Khan, ṣe ètò tẹlifíṣàn kan tó ń jẹ́ Satyamev Jayate, lórí àwọn ìṣòro tó ń bá àwọn ará Íńdíà fínra. Wọ́n fi ohùn Tamil, Telugu àti Malayalam bò ó. Ti Kannada kò ṣeé ṣe, wọ́n dínà rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn òǹrajà kan tó ń jẹ́ Kannada Grahakara Koota gbé ẹjọ́ náà lọ síwájú àjọ ìjọba tó ń mójú tó ìdíje ọjà. Ní ọdún 2015, àjọ náà dá wọn láre, ó ní dídínà dọ́bìǹgì kò bófin mu, ó sì bu owó ìtanràn lé àwọn ẹgbẹ́ tó ń dínà náà.

Ọdún 2017 ni fíìmù Tamil kan, èyí tí òṣèré Tamil nì, Ajith, ṣe, wá jáde ní ohùn Kannada pẹ̀lú orúkọ Satyadev IPS. Ọ̀pọ̀ ọdún ni irú rẹ̀ kò ti ṣẹlẹ̀. Àwọn kan wọ́de nítorí rẹ̀.

Ẹ tún fi ọ̀rọ̀ odò kún un. Odò Cauvery ti dá ìjà sílẹ̀ láàrin Karnataka àti Tamil Nadu fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ìjà náà bá sì ti le, fíìmù ló ń jìyà rẹ̀. Ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2018, àwọn olórí ẹgbẹ́ fíìmù Karnataka ní àwọn kò ní gba Kaala, fíìmù Rajinikanth, láyè, nítorí ohun tí ọkùnrin náà sọ nípa omi Cauvery. Bengaluru ni wọ́n bí Rajinikanth sí o, ibẹ̀ ló sì ti ṣe kọ̀ńdọ́kítọ̀ bọ́ọ̀sì kó tó di ìràwọ̀ Tamil. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ kí fíìmù náà tó jáde ní oṣù Kẹfà. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ni 96 dé.

Kí ló wà nínú ìtàn náà tí gbogbo wọn fi ń rà á?

Ẹni tí kò bá fẹ́ mọ ìtàn kó tó wò ó, kó fo apá yìí.

Ram jẹ́ ayàwòrán tó ń rìnrìn àjò kiri, Vijay Sethupathi ló ṣe é nínú ti Tamil. Ó gba Thanjavur kọjá, ó sì yà sí ilé ìwé tó ti kàwé nígbà èwe. Ibẹ̀ ló ti rántí àwọn tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lórí WhatsApp, wọ́n sì ní kí gbogbo àwọn tó jáde ní 1996 pàdé ní Chennai. Jaanu náà wá. Trisha ló ṣe é. Singapore ló ti wá, ó ti lọ́kọ, ó sì ti bímọ.

Nígbà tí wọ́n wà ní ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àwọn méjèèjì fẹ́ràn ara wọn. Ram ń tijú débi pé nígbà tí Jaanu fi ọwọ́ kan àyà rẹ̀, ó dákú. Gbèsè lé bàbá rẹ̀ kúrò nílùú, wọ́n kó lọ sí Chennai nígbà ìsinmi, Jaanu sì wọ kíláàsì lọ́jọ́ tí wọ́n wọlé, àga Ram ṣófo. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, Ram wá a lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó rán ẹnì kan sí i. Jaanu rò pé ọmọkùnrin mìíràn tó ń yọ òun lẹ́nu ló wá, ó ní òun kò fẹ́ rí i. Ram padà sílé. Ó gbà pé wọ́n ti kọ òun. Ọdún 22 ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀, lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, pé àṣìgbọ́ lásán ló ya wọ́n.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni fíìmù náà. Ọkọ̀ òfuurufú Jaanu máa gbéra lówùúrọ̀. Wọ́n rìn káàkiri Chennai, wọ́n jẹun, wọ́n sọ̀rọ̀. Kò sí ìjà, kò sí ọ̀tá, ọkọ Jaanu kì í ṣe èèyàn búburú, àwọn méjèèjì kò sì kọjá àyè wọn. Àwọn tí Ram ń kọ́ ní iṣẹ́ fọ́tò pàdé wọn, wọ́n rò pé ìyàwó rẹ̀ ni. Dípò kí Jaanu tún un ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún wọn bí òun àti Ram ṣe pàdé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, bí òun ṣe sáré jáde lọ bá a lọ́jọ́ yẹn. Ó ń sọ ìgbésí ayé tí wọn kò gbé. Ram jókòó níbẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀.

Orin tún wà níbẹ̀. Jaanu mọ orin kọ. Janaki ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún, S. Janaki, gbajúgbajà akọrin nì, ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Láti ìgbà èwe ni Ram ti ń bẹ̀ ẹ́ kó kọ orin kan pàtó fún òun, Yamunai Aatrile, orin tí Ilaiyaraaja, gbajúgbajà olórin Tamil, ṣe fún fíìmù Thalapathi ti ọdún 1991. Jaanu kò kọ ọ́ rí. Lálẹ́ yìí, nínú ilé Ram, iná lọ. Nínú òkùnkùn ni Jaanu ti bẹ̀rẹ̀ orin náà láìsọ fún un. Ram ń sáré wá iná kiri kó lè rí ojú rẹ̀ kí orin tó tán.

Kí ni 99 mú, kí ló fi sílẹ̀?

Preetham Gubbi kò fọwọ́ kan egungun ìtàn náà. Ram àti Jaanu ṣì ni orúkọ wọn, ayàwòrán ṣì ni Ram, ìpàdé àwọn ọmọ kíláàsì àti alẹ́ kan ṣoṣo náà wà níbẹ̀. Ó gbé e wá sí Karnataka, ó sì sún ọdún náà síwájú: 1999 ni àwọn tirẹ̀ jáde, ìdí nìyẹn tí orúkọ fíìmù náà fi di 99.

Orúkọ Janaki kò fún un ní wàhálà. S. Janaki kì í ṣe ti Tamil nìkan, ó kọ orin Kannada tí kò lóǹkà, òbí kan ní Karnataka lè fi orúkọ rẹ̀ sọ ọmọ láìsí pé ẹnikẹ́ni béèrè ìdí.

Orin ni ìṣòro wà. Yamunai Aatrile kì í ṣe orin lásán fún ọmọ Tamil. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ilé ìwé ní 1991 gbọ́ ọ lórí rédíò, ó gbọ́ ọ níbi ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó mọ ibi tó wà lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Nígbà tí Jaanu bá ṣí ẹnu, ọdún 27 ló ń wọlé pẹ̀lú rẹ̀. Àdéhùn àtúnyà kò lè ra ìyẹn. Owó ra ìtàn, ó ra ọ̀rọ̀ ẹnu, kò lè ra ohun tí àwùjọ kan ti gbọ́ láti kékeré. Ní 99, Arjun Janya ló ṣe orin, fíìmù ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni wọ́n sì kà á sí. Orin tuntun tó dùn ló kọ. Ṣùgbọ́n orin tuntun kò ní ìrántí nínú, ìrántí sì ni gbogbo ìtàn náà dúró lé.

Òṣèré tún yàtọ̀. Vijay Sethupathi lè jókòó láìsọ nǹkan kan kí ara ẹni máa bù máṣọ. Ganesh, ètò apanilẹ́rìn-ín lórí tẹlifíṣàn ló ti bẹ̀rẹ̀, Mungaru Male tó sọ ọ́ di ìràwọ̀ ní 2006 sì jẹ́ fíìmù ọmọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í dúró. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ wá ṣe Ram tó ń tijú, iṣẹ́ ńlá ni. Mo rò pé ó gbìyànjú, ó fa ara rẹ̀ sẹ́yìn ju bí a ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ohun tí àtúnyà ní tí dọ́bìǹgì kò ní nìyí: àwọn ará Karnataka rí ọmọ wọn tó ń sọ̀rọ̀ jù, ó dákẹ́ lójú wọn. Ẹni tí kò mọ Ganesh tẹ́lẹ̀ kò lè rí i.

Kí ló dé tí 99 kò fi lókìkí tó 96?

Yàtọ̀ sí orin, àkókò náà kò bá a mu. Fíìmù àtúnyà ń rí owó nígbà tí òǹwòran kò tíì rí ti àkọ́kọ́. Ìyẹn ṣeé ṣe láyé àtijọ́. Àmọ́ Sun TV, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn Tamil, gbé 96 sórí afẹ́fẹ́ nígbà ọdún Diwali, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2018, nígbà tó ṣì wà nínú ilé sinimá. Inú Trisha kò dùn sí i, ó bẹ̀ wọ́n ní gbangba kí wọ́n sún un di ìgbà Pongal, ọdún ìkórè àwọn Tamil tó máa ń bọ́ sí oṣù Kìíní. Wọn kò gbà. Àwọn tó ń sọ Tamil sì pọ̀ ní Bengaluru, ọ̀pọ̀ ará ìlú náà tí Kannada jẹ́ èdè ìyá wọn ló gbọ́ Tamil dáadáa. Nígbà tí 99 fi dé, púpọ̀ nínú àwọn tó yẹ kó ra tíkẹ́ẹ̀tì ti sunkún tán lórí ti Tamil.

Ohun mìíràn tún ṣẹlẹ̀ láàrin àwọn méjèèjì. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, fíìmù Kannada kan tó ń jẹ́ KGF jáde, ó sì jáde pẹ̀lú ohùn Hindi, Telugu, Tamil àti Malayalam lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo Íńdíà ló wò ó. Ní 2022, wọ́n fi ohùn àwọn èdè mìíràn bo Kantara, fíìmù Kannada mìíràn, òun náà sì lókìkí káàkiri. Dọ́bìǹgì tí wọ́n bẹ̀rù fún àádọ́ta ọdún wá di ọ̀nà tí fíìmù Kannada gbà jáde nílé. Látìgbà náà, olóòtú tó bá fẹ́ ra àṣẹ àtúnyà ń ronú ẹ̀ẹ̀mejì.

Ṣé Kannada kàn ń rà ni, kì í tà?

Ó ń tà dáadáa. Mungaru Male tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, Preetham Gubbi wà lára àwọn tó kọ ìtàn rẹ̀, àwọn Telugu sì tún un yà ní 2008. Ìyẹn ni pé Preetham àti Ganesh tó lo ìtàn Tamil ní 2019 ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń tà tẹ́lẹ̀. Fíìmù Rajkumar kan, Anuraga Aralithu ti 1986, di fíìmù Rajinikanth ní Tamil, ó di ti Telugu, ó sì di ti Hindi. U Turn ti Pawan Kumar kúrò ní Kannada lọ sí Tamil àti Telugu ní 2018.

Fíìmù ìfẹ́ láti Tamil sí Kannada náà kò bẹ̀rẹ̀ lórí 99. Ní 2006, Sudeep, òṣèré Kannada, ra ìtàn Autograph tí Cheran ṣe ní Tamil ní 2004, ó darí rẹ̀, ó sì ṣe olórí òṣèré níbẹ̀ fúnra rẹ̀. My Autograph ló pè é. Òun náà dá lórí ọkùnrin tó ń padà lọ wá àwọn tó fẹ́ràn nígbà èwe.

Èwo ni kí á kọ́kọ́ wò?

Tó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo lẹ ráyè fún, 96 ni kí ẹ wò, kí ẹ sì kọ́kọ́ gbọ́ Yamunai Aatrile bíi mélòó kan kí ẹ tó jókòó tì í, kí ó má jẹ́ inú fíìmù náà lẹ ti máa gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wo méjèèjì, ẹ fi 99 ṣáájú. Ẹni tó bá ti wo 96 kò ní lè wo Ganesh láì máa wá Vijay Sethupathi, ìyẹn kò sì ní jẹ́ kó rí iṣẹ́ tí Ganesh ṣe.

Fún àwọn fíìmù mìíràn tí ẹ kò bá mọ ìdí wọn, ẹ má fo orúkọ tó ń kọjá níbẹ̀rẹ̀. Wọ́n sábà máa ń kọ orúkọ ẹni tó ni ìtàn sọ́tọ̀ sí ti adarí. Tí àwọn méjèèjì kì í bá ṣe ẹnì kan náà, ẹ wá orúkọ onítàn náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tó bá jẹ́ àtúnyà ni, ibẹ̀ lẹ ti máa rí fíìmù àkọ́kọ́, èdè tí wọ́n fi ṣe é àti ọdún tó jáde.